Ta Ló Kọ́kọ́ Yọ̀ Lórí Èèpo Ọ̀gẹ̀dẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú fíìmù àwàdà, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, a ti mọ̀ pé ẹnìkan máa fìdí balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ funfun báláú ni, pé òun ti tẹ̀ ẹ́ rí, kò yọ̀. Níbo ni àwàdà yìí ti ṣẹ̀ wá? (Ọmọ Ìyàrà)

ÌDÁHÙN: Òkun o, ọmọ mi. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó wá bi ìdí mi léèrè. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, mo ń kiri ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ fún ìyá mi ní gáréèjì Kàbbà. Àwọn èrò ọkọ̀ Ìlọrin á rà á lójú fèrèsé, wọ́n á bó o, wọ́n á ju èèpo sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ tó ti gbéra, ẹni tó ra ọjà kò tíì sanwó. Mo tẹ èèpo kan tó ti gbẹ, tó ti dúdú, kò sóhun tó ṣe mí. Èyí tó tẹ̀lé e ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́ ni, inú rẹ̀ ló dojú bolẹ̀. Ẹsẹ̀ mi lọ síwájú, èmi lọ sẹ́yìn. Àtẹ fò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ fọ́n ká, gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Owó yẹn náà sì bá ọkọ̀ lọ.

Amẹ́ríkà ni àwàdà náà ti wá, ojú títì ló sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé orí ìtàgé. Láti bí ọdún 1870 ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá síbẹ̀ láti Jàmáíkà. Oúnjẹ tí kò béèrè abọ́: wọ́n á jẹ ẹ́ lórí ìrìn, wọ́n á ju èèpo sílẹ̀, bíi ti àwọn èrò ọkọ̀ mi. Ní 1879, ìwé ìròyìn Harper's Weekly ti ń kìlọ̀ pé ẹni tó ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sójú ọ̀nà lè jẹ̀bi egungun ẹlòmíì tó kán. Ní 1896, Theodore Roosevelt, tó ń ṣe olórí ìgbìmọ̀ ọlọ́pàá New York kó tó di ààrẹ, ní kí àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá mú òfin èèpo èso le. Ohun tó ń ṣẹ́ni lẹ́sẹ̀ yìí ni aláwàdà gbé sórí ìtàgé, sinimá sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Charlie Chaplin lò ó ní 1915: òun ló jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, òun ló ju èèpo, òun náà ló yọ̀. Tiẹ̀ dùn mọ́ mi jù, kò sí ẹlòmíì tí èèyàn máa bú.

Ní ti pé kì í yọ̀, àwọn onímọ̀ kan ní Japan, Kiyoshi Mabuchi ló ṣáájú wọn, fi bàtà tẹ èèpo lórí rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ yàrá. Bí ilẹ̀ ṣe ń di bàtà mú dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà. Wọ́n gba ẹ̀bùn Ig Nobel ní 2014, èyí tí wọ́n ń fún ìwádìí tó kọ́kọ́ pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú. Ìwọ náà, bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ra èèpo rẹ̀ nínú. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, omi kan á jáde, á máa yọ̀ bí ilá. Ìwúwo ẹsẹ̀ ló ń fún omi yẹn jáde lábẹ́ bàtà. Èyí tó ti gbẹ kò lómi kankan mọ́, òun ló sì dá mi lójú pé ẹ̀gbọ́n rẹ tẹ̀.