Ìyá ọ̀gá mi kú, n ò kí wọn. Mo wá ń wá iṣẹ́ báyìí

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Akáúntáǹtì ni mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ àwọn ọ́díìtọ̀ kan n'Ìkẹjà kí n tó lọ́kọ, kí a sì kó wá sí Ìbàdàn. Mo ti ń ṣe bọ́sà nílé-ìwé aládàáni kan láti ìgbà náà, ilé-ìwé ọ̀hún sì jẹ mí lówó oṣù mẹ́rin. Ọ̀gá mi àtijọ́ ti di olórí ẹ̀ka owó níléeṣẹ́ ńlá kan l'Ékòó. Wọ́n fẹ́ràn mi gan-an nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún márùn-ún tí mo ti kí wọn kẹ́yìn. Nígbà tí ìyá wọn kú lọ́dún tó kọjá, mo rí i lórí WhatsApp wọn, mo ní màá kí wọn tó bá di ọ̀la. Ọ̀la ò dé. Ojú wo ni mo fẹ́ fi tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn? Ọkọ mi ní kí n kọ̀wé, ìtìjú ò jẹ́. — Ìyàwó Ilé, Ìbàdàn”

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ gbèsè ilé-ìwé wà lọ́tọ̀, òun kọ́ lo sì béèrè, ṣùgbọ́n máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ oṣù dé oṣù, kí o sì tọ́jú ìwé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọ̀gá rẹ ni n ó kọ́kọ́ mú, torí mo rò pé òun gan-an ló so ọ́ lọ́wọ́. Àìríra ọdún márùn-ún kò tó nǹkan. Èèyàn méjì lè má gbúròó ara wọn fún ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n pàdé níbi ìnáwó kan, kí wọ́n sì máa dì mọ́ra. Àmọ́ òkú ìyá tí a rí tí a kò kí, ìyẹn máa ń wúwo lọ́kàn ọmọlúàbí. Kí ọ̀gá rẹ lónìí. Kò tíì pẹ́ jù. Lọ́sẹ̀ ìsìnkú, ìkíni máa ń pọ̀ débi pé ọmọ olóòkú kì í mọ ẹni tó dá lóhùn mọ́. Tó bá wá di ọdún kan, tí wọ́n ti ká àga àti kánópì kúrò, tí kò sẹ́ni tó ń béèrè Màmá mọ́, inú ọmọ máa ń dùn sí ẹni tó bá tún dárúkọ wọn.

Má pè é lójijì, má sì fi ohùn oníṣẹ́jú mẹ́rin ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ láàárín ìpàdé? Kọ ọ́ ní ìwọ̀nba: “Ẹ káàsán, ọ̀gá mi. Èmi Lágbájá ni, tí a jọ wà n'Ìkẹjà. Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù Màmá. Ó ti yẹ kí n kí yín tipẹ́, n ò sì ní àwáwí. Ẹ̀yìn wọn á dára, Ọlọ́run á dá yín sí fún àwọn ọmọ.” Bí o bá mọ ìyá náà, fi ohun kan tí o rántí nípa wọn kún un. Bí o kò bá mọ̀ wọ́n, má ṣe purọ́ mọ́ òkú.

Kò gbọdọ̀ sí iṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Má tilẹ̀ sọ pé o ní nǹkan tí o fẹ́ bá a jíròrò tó bá yá. O lè ní ṣé ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn, nígbà tí iṣẹ́ wà lọ́kàn rẹ. Bi ara rẹ bóyá o máa kí i ká ní àná ló fẹ̀yìn tì. Bí o bá máa kí i, kì í ṣe ẹ̀tàn. Bí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè pé iṣẹ́ ńkọ́, sọ òótọ́ fún un. Bí kò bá béèrè, jẹ́ kí ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí o tó tún kọ̀wé, kí o sì sọ tẹnu rẹ gbangba nígbà náà.

Má bi í pé ṣé àyè wà lọ́dọ̀ wọn. Rárá ló rọrùn jù láti fi dáhùn ìyẹn. Béèrè ohun tó lè fún ọ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: “Ọ̀gá, mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ọ́díìtì, n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó. Ta lẹ rò pé ó yẹ kí n lọ rí?” Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó ti ẹnu rẹ̀ jáde lè ṣí ibi tí sífí rẹ kò ní dé.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nínú lẹ́tà rẹ ni pé ọ̀gá kan ṣoṣo ni gbogbo ìrètí rẹ rọ̀ mọ́. Lọ́dún 1973, onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, tẹ ìwádìí kan jáde. Ó bi àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ nílùú Newton, nítòsí Boston, léèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i. Nínú àwọn tó jẹ́ pé ojúlùmọ̀ ló ta wọ́n lólobó, 16.7 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń rí ẹni náà déédéé, 55.6 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 27.8 kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rárá. Àwọn èèyàn inú ìwádìí yẹn kò pọ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún 2022 àwọn mìíràn tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láàárín àwọn tó lé ní 20 mílíọ̀nù lórí LinkedIn. Wọ́n rí i pé ẹni tí a mọ̀ níwọ̀nba ló ń ranni lọ́wọ́ jù. Kò ṣòro láti lóye. Ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ gbọ́, ìwọ náà ti gbọ́ ọ. Ẹni tó jìnnà sí ọ díẹ̀ ló ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí o kò dé.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ, o kò kà wọ́n ni. Àwọn tí ẹ jọ wọṣẹ́ n'Ìkẹjà ńkọ́? Àwọn akáúntáǹtì tó ń gbé fáìlì fún yín nígbà tí ẹ bá lọ ṣe ọ́díìtì lọ́dọ̀ wọn ńkọ́, tí ẹ jọ ń jẹun ọ̀sán? Àwọn tí ẹ jọ sin ìlú? Àti àwọn òbí tó ń wá sanwó ilé-ìwé níwájú rẹ ní táàmù kọ̀ọ̀kan: òṣìṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, olùkọ́ yunifásítì wà níbẹ̀, oníléeṣẹ́ wà níbẹ̀. (Má ṣe tọrọ iṣẹ́ lórí ìlà owó ilé-ìwé o! Kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́ sí ẹni tí ìwé owó rẹ̀ kì í ṣì.) Bí o bá ti wọ ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáúntáǹtì Nàìjíríà tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1965, wọ́n ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn. San owó ọdún tí o bá jẹ, kí o sì lọ sípàdé. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó máa ran ìgbìmọ̀ kan lọ́wọ́, nawọ́ sókè. Ní tèmi, ẹni tí wọ́n ti rí lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń rántí, kì í ṣe ẹni tó pín káàdì.

O kò lè kí gbogbo wọn tán. Mú bí orúkọ méjìlá, kọ wọ́n sínú ìwé kan, kí o máa kí ẹnì kan lọ́sẹ̀ kan. Àwòrán òdòdó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé lọ́jọ́ kìíní oṣù, jọ̀ọ́, má bá wọn dá a. Kò sẹ́ni tó ń kà á sí ìkíni. Kí èèyàn lórí ohun tó jẹ́ tirẹ̀: ọmọ rẹ̀ wọ yunifásítì, èsì ìdánwò ICAN rẹ̀ jáde, Iléyá dé tó sì jẹ́ Mùsùlùmí. Bí o bá rí ìpolówó iṣẹ́ tí kò bá ọ mu, fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá mu. Gbà mí lójò kí n gbà ọ́ lẹ́ẹ̀rùn ni, ìwọ ni kí o sì kọ́kọ́ gbà.

Ní ti ọ̀gá rẹ, ó ṣeé ṣe kí ó ka ọ̀rọ̀ rẹ kó má fèsì. Má fi àmì ìbéèrè ránṣẹ́ tẹ̀lé e, má sì gbà pé ó ń bínú. Ó lè jẹ́ ìparí oṣù ni, o sì mọ bí ìparí oṣù ṣe ń rí fún oníṣẹ́ owó. Nígbà tí ọdún bá dé, kí i kú ọdún. Kó tó dìgbà yẹn, orúkọ mọ́kànlá ṣì wà nínú ìwé rẹ.