Èsì: Ìdí tí màlúwéà fi ń falẹ̀ láàárín àwọn sẹ́ńsọ̀ yín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè ìdí tí màlúwéà (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe jàǹbá) fi ń falẹ̀ láàárín àwọn sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀) nínú àdánwò yín, nígbà tí ìṣirò SIR, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò bí àrùn ṣe ń ràn, ní yóò ti gba gbogbo wọn kíá. Kóòdù yín kọ́ ló bàjẹ́.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ Kermack àti McKendrick gbé ìṣirò yẹn jáde ní 1927, wọ́n gbà pé ẹnikẹ́ni lè pàdé ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni βSI: S ni iye àwọn tí kò tíì kó o, I ni iye àwọn tó ti kó o, β sì ni bí ó ṣe ń yára ràn sí. Sẹ́ńsọ̀ yín kì í rìn. Àwọn tí rédíò sẹ́ńsọ̀ tó ti kó màlúwéà bá dé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ló lè kó o ràn. Bí iná pápá ló ṣe rí, àárín á ti jó tán, etí nìkan ni iná ṣì wà. Ẹ to 100 sẹ́ńsọ̀ tó ti kó o sí ìlà 10, mẹ́wàá mẹ́wàá: 36 péré ló wà létí. Bí wọ́n bá di 10,000, àwọn ti etí ò ju 396 lọ!

Iye àwọn ti etí ń bá √I (gbòǹgbò onílọ́po méjì I) lọ, kì í ṣe I. Nítorí náà, ẹ fi √I dípò I nínú βSI, kí ẹ sì tún β wọ̀n látinú àdánwò yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé bátìrì. Màlúwéà tó ń fi rédíò ránṣẹ́ ṣáá máa ń jẹ ẹ́ tán kíákíá. Sẹ́ńsọ̀ tó ti kú kò sàn, ẹ má kà á mọ́ R, ìsọ̀rí àwọn tó ti sàn. Ẹ ya ìsọ̀rí D sọ́tọ̀ fún un. Àwọn tó ń sùn láti tọ́jú bátìrì náà kò lè kó o títí wọn yóò fi jí.