Táyé fẹ́ lọ wo táńkì ogun: ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òbí. Ìbejì ni mo bí, wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Woolwich la sì ń gbé. Ọ̀rọ̀ táńkì ogun ti gba gbogbo ọkàn Táyé. Ó mọ orúkọ wọn lóríṣiríṣi, ó ń yà wọ́n sínú ìwé, ó sì ti ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí Tank Museum, ilé tí wọ́n ti ń pàtẹ táńkì ogun, tó wà ní Bovington tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi. Bàbá wọn ti gbà, èmi ni ara mi ò gbà á. Àbúrò bàbá mi wọṣẹ́ ṣọ́jà nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, wọn ò padà wálé, a ò sì rí òkú wọn sin. Bí wọ́n bá ń fi ogun hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ńṣe ni bàbá mi máa ń dìde kúrò ní pálọ̀. Ṣé kí n wá sanwó kí ọmọ mi lè lọ máa yọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n fi ń pa èèyàn? Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ ò tilẹ̀ dá sí i. Ẹni tó bá ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún àbúrò bàbá yín níbikíbi tí wọ́n bá sùn sí.

Southampton là ń gbé, ibẹ̀ ò jìnnà sí wa, a sì máa ń kó àwọn ọmọ lọ. Ohun tí mo rí sí i ni pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin náà bá wọn lọ. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún bàbá wọn nìkan. Ìtàn tó wà lọ́wọ́ yín ni ọmọ yẹn nílò jù níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá yín sọ ọ́.

Nǹkan bí 300 ọkọ̀ ló wà níkàáwọ́ wọn. Táyé á fẹ́ máa sáré láti ìdí ọ̀kan dé ìdí òmíràn. Ẹ dá a dúró níwájú táńkì tí wọ́n ń pè ní Mark I. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù lágbàáyé nínú irú rẹ̀. Irú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé wọ ojú ogun ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1916, ní Flers, lágbègbè Somme nílẹ̀ Faransé. Nínú 49 tí wọ́n kó wá, 32 péré ló dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbéra. Ọkùnrin mẹ́jọ ló ń wọ inú ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì sì wà láàárín wọn gbalaja, kò sí ohun tó pààlà sí i. Inú rẹ̀ á gbóná bí ilé tí wọ́n ti ń yan gàrí, tí wọ́n wá ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, èéfín ẹ́ńjìnnì sì máa ń mú kí àwọn míì dákú. Ariwo ò jẹ́ kí ẹnìkan gbọ́ ohùn ẹnìkejì. Bí awakọ̀ bá fẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn yí jíà, ńṣe ni yóò fi irin gbá ara ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè mọ̀. Bí ọta bá sì ba ara ọkọ̀ lóde, ẹ̀rún irin gbígbóná á máa ta sí wọn lójú nínú. Wọ́n wá ṣe ìbòjú awọ fún wọn: ihò tóóró méjì lójú, ṣéènì wẹ́wẹ́ so rọ̀ níwájú ẹnu.

Ẹ sọ gbogbo èyí fún un níbẹ̀, bó ṣe ń wo irin náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọmọkùnrin tèmi bi mí ni pé, bó bá gbiná, ibo ni wọ́n ń gbà jáde? Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn gan-an, torí pé ó ti kúrò lórí irin, ó ti dé ọ̀dọ̀ èèyàn.

Tiger 131, táńkì àwọn ará Jámánì, ni Táyé á máa wá kiri. Ẹ jẹ́ kó sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ fún yín, kí ẹ wá ní kó wá àpá ọta lára rẹ̀ lábẹ́ ìbọn ńlá rẹ̀. Ní Túnísíà, lóṣù kẹrin ọdún 1943, ni ọta láti inú táńkì Churchill kan bà á níbẹ̀. Orí ọkọ̀ náà há, kò lè yí mọ́, àwọn ará Jámánì tó wà nínú rẹ̀ bá sá jáde. Ọkọ̀ tó wọn tọ́ọ̀nù 57 ni wọ́n fi sílẹ̀ sórí òkè lọ.

Bí wọ́n bá bi yín pé àwọn èèyàn tiwa ńkọ́, ìdáhùn wà. Ogun tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hitler yìí náà ló gbé àwọn ọmọ Nàìjíríà dé Bọ́mà. Ní àfonífojì Kaladan, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù gba inú igbó kọjá, ọkọ̀ òfurufú ló sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Bàbá Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀, wà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọṣẹ́ ológun. Ìbọn fọ́ egungun itan wọn ní 1944, ìdílé Mùsùlùmí kan lábúlé ibẹ̀ ló sì ń fi oúnjẹ bọ́ wọn, tó ń fi wọ́n pamọ́ fún àwọn ará Japan fún oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n padà wálé, wọ́n sì dàgbà dàrúgbó kí wọ́n tó kú ní 2012.

Ó wá ku ti àbúrò bàbá yín. Ẹ wá ọkọ̀ ogun onírin tó ń jẹ́ Saladin. Táyà mẹ́fà ló ní, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ ṣéènì bíi táńkì. Coventry ni wọ́n ti ṣe é, ṣọ́jà mẹ́ta ló ń jókòó sínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i nínú gbọ̀ngàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni wọ́n máa ń pàtẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tà á fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, òun àti Ferret àti Saracen tí àwọn náà jẹ́ ọkọ̀ ogun onírin, irú wọn ló sì wà lójú ogun láti 1967 títí di 1970. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé irú ọkọ̀ yìí wà nínú ogun tí bàbá wọn kékeré lọ. Ẹ dárúkọ wọn. Ẹ má sì fi tàwọn ará Biafra sílẹ̀, torí àwọn ni wọ́n dojú ìbọn Saladin kọ. Àwọn náà to ọkọ̀ onírin tiwọn, wọ́n pè é ní Red Devil, ó wà ní National War Museum ní Umuahia. Àwọn ọmọ wa ń bá ọmọ Ìgbò jókòó ní kíláàsì kan náà níbí. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé òfò ṣẹ̀ nílé àwọn ọ̀rẹ́ wọn náà.

Tí bàbá yín bá ṣì wà láyé, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ. Ẹ má bi wọ́n léèrè ogun. Ẹ ní kí wọ́n sọ irú èèyàn tí àbúrò wọn jẹ́: orin tí wọ́n fẹ́ràn, iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ kí wọ́n tó wọ ṣọ́jà, bóyá fọ́tò wọn wà. Àgbà míì tí kò lè sọ̀rọ̀ ogun á sọ èyí.

Ní ti ìrìn àjò, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ Weymouth láti Waterloo máa ń dúró ní Wool, ibẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi máìlì méjì sí Bovington. Ẹ ti bá onítasí sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi Tankfest, àjọ̀dún táńkì tí wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ nínú oṣù kẹfà, ṣe àkọ́lọ o. Èrò máa ń pọ̀ jù, ariwo ẹ́ńjìnnì á sì bo ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ. Ọjọ́ tí nǹkan rọlẹ̀ ló dára fún irú ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ bá wọn sọ.

Kẹ́hìndé náà á rí tiẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹyẹlé ni àwọn tó wà nínú Mark I fi ń ránṣẹ́ sẹ́yìn, kí ẹ jẹ́ kó fojú wá ibi tí wọ́n lè ti jù ú jáde. Bí irin bá sì sú u, Monkey World, ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀bọ, ò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ẹ lè pín ọjọ́ náà sí méjì.