Ìwé kan ní "SS di AS": ṣé kí n dá oògùn ọmọ mi dúró?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi obìnrin pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, SS ni, ìyẹn ni pé ó ní àrùn sickle cell (fòníkú-fọ̀ladìde). Ó ti ń lo oògùn àrùn náà tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea láti bí ọdún kan, ó sì ti gba ẹ̀jẹ̀ rí. Aládùúgbò mi kan fún mi ní ìwé tí ẹnì kan tó ní àrùn yìí kọ. Ó ní òun dá gbogbo oògùn òyìnbó dúró, òun mu àgbo àti oje ewé fún oṣù mẹ́ta, nígbà tí òun padà lọ ṣe jẹ́nótáìpù, AS ni wọ́n kọ fún òun. Àwòrán èsì àyẹ̀wò méjèèjì wà nínú ìwé náà. Ṣé kí n dá hydroxyurea dúró fún oṣù mẹ́ta náà ká wò ó? Tí kì í bá ṣe ìwé yìí, irú ìwé wo ni kí n rà?

Ìdáhùn

Rárá o, Màmá. Ẹ má dá hydroxyurea dúró, kódà fún ọ̀sẹ̀ kan, àfi tí dókítà tó ń tọ́jú ọmọ yín bá ní kẹ́ ẹ dá a dúró nítorí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdáhùn nìyẹn. Tí iṣẹ́ bá há yín mọ́ra, ẹ lè má ka ìyókù, ṣùgbọ́n màá fẹ́ kẹ́ ẹ kà á, nítorí aládùúgbò yẹn yóò tún padà wá.

Ìbéèrè yìí ti pọ̀ ju ohun tí mo lè máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Ìwé lè yàtọ̀, ewé lè yàtọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: SS ni mí, mo mu báyìí-báyìí, mo di AS. Ohun tó wà nídìí ìbéèrè yín ni ìgbàgbọ́ pé bí èsì àyẹ̀wò bá yí padà, ara ẹni náà ló yí padà. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ dúró sí.

S kì í ṣe ìdọ̀tí tó wọnú ẹ̀jẹ̀ tí àgbo lè fọ̀ dànù. Àjogúnbá ni: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó gba S méjì ni SS, ẹni tó gba A kan àti S kan ni AS, ẹni tó gba A méjì ni AA. Ara ní ìlànà tó ń tẹ̀ lé tó bá ń ṣe hẹmoglóbìn, ìyẹn èròjà pupa tó ń gbé atẹ́gùn tí a mí sínú kiri ara. Nínú ìlànà yẹn, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yàtọ̀ fún ẹni tó ní S, ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló sì ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa tẹ̀ bí dòjé nígbà tí atẹ́gùn bá dín kù, kó le gbagidi, kó sì dí ojú iṣan. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìlànà náà wà. Oje ewé kò lè dé ibẹ̀ lọ tún lẹ́tà kọ. Bí ewé ṣe dára tó níwọ̀n oúnjẹ, ẹ fi sínú ọbẹ̀, kò sí ẹni tó ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́.

Báwo wá ni àyẹ̀wò ṣe sọ pé AS? Ó lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé náà ò purọ́, ó sì lè jẹ́ pé láàbù pàápàá ò purọ́.

Sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó jẹ́ AA máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kó tó kú. Ti ẹni tó jẹ́ SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, ìdí nìyẹn tí PCV wọn (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀) fi máa ń wà ní ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo. Ká wá sọ pé àìsàn kọlu ẹnì kan tó jẹ́ SS, PCV rẹ̀ já sí 14, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ AA páìǹtì méjì sí i lára. Lẹ́yìn oṣù kan, sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ ti kú, òmíràn ti rọ́pò wọn, àwọn wọ̀nyẹn náà ti ń kú lọ. Ti ẹlòmíràn tó gbà ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú iṣan rẹ̀. Ó wá lọ sí láàbù tí kò ti ṣe àyẹ̀wò rí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní electrophoresis máa ń fi iná mànàmáná ya oríṣi hẹmoglóbìn sọ́tọ̀, kálukú á dúró sí ojú ìlà tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ wò ó, ó rí A, ó rí S. Méjèèjì náà ló máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ AS gidi, nǹkan bí 60 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kọ AS, ó buwọ́ lù ú. Ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, "Ìgbà wo lẹ gba ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn?", kò béèrè rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta tí ìwé yín sọ yẹn, nǹkan bí ọjọ́ 90 ni. Ó ṣì wà láàárín ọjọ́ 120. Ẹ padà sínú ìwé náà, kẹ́ ẹ wá ibi tó ti kọ ọjọ́ tó gba ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, àwòrán èsì méjèèjì kò jẹ́rìí ohunkóhun. Ẹni tó bá gba ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù mẹ́rin ó kéré tán kó tó tún jẹ́nótáìpù ṣe, bí kò bá sì tún gba òmíràn láàárín ìgbà yẹn, S rẹ̀ á padà yọjú.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí èsì fi lè ṣini lọ́nà. Àwọn kan wà tí wọn kò fìgbà kan jẹ́ SS. Àyẹ̀wò kan wà tó rọrùn, tó sì wọ́pọ̀, tí wọ́n ń pè ní "sickling". Ohun tó ń sọ kò ju pé S wà tàbí kò sí lọ. Ó máa ń jáde fún AS, ó máa ń jáde fún SS, ó máa ń jáde fún SC náà (ẹni tó gba S kan àti C kan). Ẹnì kan gbọ́ "sickling rẹ jáde", ó ka ara rẹ̀ sí SS fún ogún ọdún, ọjọ́ tó wá ṣe àyẹ̀wò tó péye ni wọ́n sọ fún un pé AS ni. Ìyanu tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ò ju pé láàbù kejì mọ iṣẹ́ lọ. Ti ọmọ ọwọ́ náà wà: ẹ̀jẹ̀ wọn kún fún hẹmoglóbìn F, èyí tí wọ́n gbé wáyé látinú oyún, ojú ìlà rẹ̀ sì sún mọ́ ti A débi pé ẹni tó ń kánjú lè pè é ní A. Ọmọ SS á gba ìwé AS lọ́wọ́ ní oṣù kejì. Ti kí wọ́n kọ orúkọ ẹnì kan sára ìgò ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀.

Ṣé kò wá sí ohun tó ń sọ SS di AS ni? Ó wà, ẹyọ kan: kí wọ́n pa mùdùnmúdùn ẹni náà rẹ́, kí wọ́n sì fi ti ẹlòmíràn tí ara wọn bára mu rọ́pò rẹ̀. Tí ẹni tó fún un bá jẹ́ AS, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á di AS. Wọ́n ṣe é nílé ìwòsàn Yunifásítì ìlú Benin, ní Nàìjíríà níbí, ní 2011. Síbẹ̀, S ló ṣì máa fún ọmọ tó bá bí, nítorí ìtọ́jú yẹn kò yí àjogúnbá inú ẹyin obìnrin tàbí àtọ̀ ọkùnrin padà. Bí ìtọ́jú Casgevy tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lóṣù Kejìlá 2023, tí iye rẹ̀ nígbà náà jẹ́ mílíọ̀nù méjì àti igba ẹgbẹ̀rún dọ́là, ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀: ó ń jí hẹmoglóbìn F ìgbà ọmọdé dìde láti bo S mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo owó yẹn, tí ẹ bá yẹ ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún wò, S ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wá fi ìyẹn wé ìgò àgbo.

Ẹ lè sọ pé, "Àmọ́ ara òǹkọ̀wé náà yá lóòótọ́ lẹ́yìn tó dá oògùn dúró." Mo gbà. Hydroxyurea náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé F sókè, ó sì máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ẹ tó rí èrè rẹ̀ dáadáa. Bó ṣe pẹ́ kó tó wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni kì í jáde lọ́jọ́ kan. F máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá dá a dúró, oògùn tí wọ́n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́, àgbo ló ń gba ìyìn. Nígbà tí kíráísìs (ìrora líle tó máa ń kọlu ẹni tó jẹ́ SS) bá padà dé, ìwé ti jáde ní ilé ìtẹ̀wé.

N kò bá ewé jà. Ní 1971, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi gbòǹgbò orin àtà lè mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà bọ̀ sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba ní Àbújá náà ṣe Niprisan láti ara iyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà, wọ́n sì dán an wò lára ènìyàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé kíráísìs dín kù. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ pé òun yí jẹ́nótáìpù padà. Onímọ̀ ewé tó mọ iṣẹ́ kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ewu tí àwọn ìwé yìí kì í kọ. Àgbo tó ń mú ni yàgbẹ́ ń gbẹ omi ara ọmọ, gbígbẹ omi ara sì jẹ́ ọ̀nà kan tó yá sí kíráísìs. Èyí tí wọ́n rẹ sínú ọtí burú ju ìyẹn lọ. Kíndìnrín ọmọ SS ti ń jìyà tẹ́lẹ̀, kò ní ààyè fún gbòǹgbò tí ẹnikẹ́ni kò wọn. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì náà ńkọ́? Irin ló pọ̀ nínú wọn. Ọmọ SS kì í sábà ṣe aláìní irin, irin sì wà nínú gbogbo páìǹtì ẹ̀jẹ̀ tó bá gbà. Ara kò ní ọ̀nà tí yóò fi lé àṣẹ́kù jáde, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ló ń lọ jókòó sí. Folic acid ló nílò. Ẹ ka ara páálí kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.

Ní ti ìwé tí ẹ fẹ́ rà, inú mi dùn pé ẹ béèrè. Ìwé tí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú àìsàn kọ wúlò gan-an. Ó lè kọ́ yín bí ìrora ṣe ń rí lára ọmọ tí kò lè ṣàlàyé, bí ẹ ó ṣe bá tíṣà sọ̀rọ̀ kí wọ́n jẹ́ kó máa mu omi nínú kíláàsì, kó sì máa jáde lọ tọ̀, bí ọmọ náà ṣe lè gbà á lọ́kàn pé òun kì í ṣe àbíkú. Nǹkan wọ̀nyí, èmi kò lè kọ́ yín tó ẹni tó ń gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìwé ọdún 2021 lè máa yin oògùn kan tí wọ́n ń pè ní voxelotor. Oṣù Kẹsàn-án 2024 ni Pfizer, ilé iṣẹ́ tó ni ín, fúnra rẹ̀ kó o kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé. Ìwé àtijọ́ á ní ọmọ náà kò ní pé ọdún 21, ẹ sọ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíákíá. Ẹ wo ojú ewé ẹ̀yìn: bí nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ń ta ìgò oògùn bá wà níbẹ̀, ìpolówó ọjà lẹ rà. Ìwé tó bá sì ní kẹ́ ẹ dá oògùn kan dúró láìrí ọmọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ẹgbẹ́ Sickle Cell Society ní ìlú ọba ní ìwé ìtọ́sọ́nà fún òbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kà á, àmọ́ ẹ rántí pé fún ẹni tó ń gbé níbi tí kò sí ẹ̀fọn ibà ni wọ́n kọ ọ́. Níbí, oògùn adènà ibà bíi Paludrine lójoojúmọ́ àti àpò ẹ̀fọn jẹ́ ara ìtọ́jú. Ní Èkó, ẹ lè lọ béèrè ní Sickle Cell Foundation ní Ìdí-Àràbà.

Ìwé kan ṣì kù, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ. Ẹ ra ìwé àjákọ kan. Ojú ewé àkọ́kọ́: jẹ́nótáìpù, ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀, PCV rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá yá (fún ọ̀pọ̀ wọn, 20 sí 27 ni, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè sáré fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ tí kò nílò rẹ̀), ọjọ́ gbogbo tó gba ẹ̀jẹ̀, orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ máa wọn kílò rẹ̀ lóṣooṣù. Hydroxyurea máa ń tẹ̀ lé kílò, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti mílígíráàmù 20 fún kílò kan tàbí kó dín sí i, dókítà yín ló máa sọ tiyín. Ọmọ tó ti fi kílò márùn-ún sanra lórí ìwọ̀n ọdún tó kọjá ti ń lo èyí tí kò tó. Ẹ kọ ọjọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó kàn sílẹ̀, nítorí oògùn náà lè fa sẹ́ẹ̀lì funfun wálẹ̀ jù. Bí ẹ bá lóyún, ẹ má fi ọwọ́ lásán kan oògùn inú kápúsù náà.

Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ti yẹ iṣan ọpọlọ rẹ̀ wò pẹ̀lú TCD, àyẹ̀wò tó ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan náà. Ọdọọdún ló yẹ kí wọ́n máa ṣe é láti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rìndínlógún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń sáré níbẹ̀ tó 200 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu rọpárọsẹ̀ ti sún mọ́, ìtọ́jú sì wà fún un.

Ní ojú ewé ẹ̀yìn, ẹ fi gègé pupa kọ ohun tí kì í dúró di àárọ̀: ara gbígbóná tó dé 38.5 lórí tẹmómítà. Àyà dídùn tàbí mímí gúlegúle. Ẹnu tó wọ́, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ. Ojú tó funfun lójijì pẹ̀lú ikùn òsì tó wú. Ìrora tí oògùn ilé kò ká. Ẹ ya àwòrán ojú ewé méjèèjì sí fóònù yín, ti bàbá rẹ̀ àti ti tíṣà rẹ̀.