Ọkọ̀ Alábẹ̀bẹ̀ Àlòkù Fún Orí Adágún Dídì: Kì í Fò, Ó Ń Jókòó Ni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìpínlẹ̀ Minnesota ni mo ń gbé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ máa gbé àwọn apẹja lọ sórí adágún nígbà òtútù tí omi bá ti dì. A ti rí airboat àlòkù kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18, alumíníọ̀mù ni ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì bàálù Lycoming ló sì ń lò. Florida ni wọ́n ti gbé e wá. Ẹni tó ń tà á ní láti ọdún 14 tó ti wà, wákàtí 400 péré ni ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́. Níwọ̀n bí airboat ti ń léfòó lórí afẹ́fẹ́, tí kì í sì í tẹ yìnyín mọ́lẹ̀, ṣé a kò lè yẹ ẹ́ńjìnnì nìkan wò kí a sì sanwó?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ni ẹnì kẹta tí yóò bi mí ní ìbéèrè yìí láti ìgbà tí ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ́dún yìí, gbogbo yín lẹ sì kọ gbólóhùn kan náà: “ó ń léfòó lórí afẹ́fẹ́.” N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ tà á fún yín, àmọ́ ó mọ ọjà tà. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba gbólóhùn yẹn lọ́wọ́ yín, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ yóò jẹ yín lówó, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn lè gbé èèyàn mì.

Airboat, tí èmi máa ń pè ní ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀, jẹ́ ọkọ̀ omi tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ ràgàjì kan kọ́ sókè ní ẹ̀yìn rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ náà ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́yìn, ọkọ̀ sì ń lọ síwájú. Kò sí atẹ́gùn kankan tó ń gbé e sókè láti abẹ́. Èyí tí ẹ ní lọ́kàn ni hovercraft, tí ó ní abẹ̀bẹ̀ mìíràn tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ́ ọkọ̀, tí ó sì ró yẹ̀rì rọ́bà yí ìdí ká kí atẹ́gùn náà má baà tètè sá jáde. Ọdún 1959 ni SR.N1, hovercraft tí Christopher Cockerell ronú kàn, kọ́kọ́ sọdá òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀ ti wà ṣáájú rẹ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, torí Alexander Graham Bell, ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti kan ọ̀kan ní Nova Scotia ní Kánádà ní ọdún 1905 láti fi dán ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ wò. Ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá pe ọ̀kan ní èkejì lójú mi, tó tún ní kí n mú owó wá, n kì í dúró gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún yín ni pé, nígbà tí ọkọ̀ yín bá wà lórí adágún dídì, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló jókòó lórí yìnyín. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 18, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, epo, èèyàn mẹ́rin àti ẹrù ìpẹja, kì í sábà dín ní 2,000 pọ́ùn, ó sì lè fi púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́ ni pé ìdí rẹ̀ tó tẹ́ kò gún yìnyín bí táyà ti ń gún un, ṣùgbọ́n nígbà tí yìnyín bá ń tẹ̀ wọ̀ọ̀ lábẹ́ ẹrù, àpapọ̀ ìwúwo ni ó ń gbé, kò bìkítà bí ìdí náà ti fẹ̀ tó. Ẹ̀ka ìjọba Minnesota tó ń rí sí omi àti igbó, ìyẹn DNR, sọ pé ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nílò yìnyín tuntun tó mọ́ gaara tó nípọn tó íǹṣì 4, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré sì nílò íǹṣì 9 sí 10. Wọ́n tún sọ pé kò sí yìnyín tó dáni lójú tán pátápátá. Yìnyín funfun tó ní ìrì dídì nínú kò lágbára ju bí ìlàjì èyí tó mọ́ gaara lọ.

Ẹ ó wá béèrè pé, kí ló dé tí àwọn agbẹ̀mílà ń lò ó lórí yìnyín tí kò dára? Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà, Coast Guard, ní irú rẹ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 fún iṣẹ́ ìgbẹ̀mílà lórí àwọn Adágún Ńlá. Láàárín Bayfield àti erékùṣù Madeline ní Wisconsin, ọkọ̀ alábẹ̀bẹ̀ kan tó ní ilé lórí ló máa ń gbé àwọn ará erékùṣù àti ọmọ ilé ìwé sọdá lákòókò tí ọkọ̀ ojú omi kò lè rìn mọ́, tí yìnyín kò sì tíì nípọn tó láti gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn wọ̀nyí gbà pé yìnyín kò ní fọ́ lábẹ́ wọn. Wọ́n mọ̀ pé ó lè fọ́, wọ́n sì gbé ohun tí yóò léfòó lórí omi bó bá fọ́, tí agbára rẹ̀ yóò sì tó láti gun etí yìnyín padà. Léfòó, kí ó sì gun padà: nǹkan méjì tí ẹ fẹ́ fi owó yín rà nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó ń dún dáadáa lórí tírélà nínú ọgbà ẹni tó ń tà á kò tíì fi ìkankan nínú méjèèjì hàn yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí léléfòó. Ẹ dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà nígbà tó bá wà nínú omi, kí gbogbo ẹni tí ẹ fẹ́ máa gbé jókòó sínú rẹ̀, kí ẹ sì fi rúlà wọn àlàfo tó kù láti ojú omi dé etí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, ìgbì tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ máa ń lé e bá, á sì dà wọlé láti ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Florida ni etí ẹ̀yìn wọn kò ga, nítorí pé inú koríko ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ń sáré, níbi tí omi kò ti ju orúnkún lọ. Ní ibi tí ẹ ń gbé e lọ, omi abẹ́ yín lè jìn ju ilé alájà méjì lọ. Ẹ tún rántí pé ẹ́ńjìnnì náà ga sókè, nítorí náà bí yìnyín bá fọ́ lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan tí ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì jókòó sórí èyí tó le, ọkọ̀ yóò dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Mo mọ̀ pé wàhálà ni, ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Ní ọdún kejì tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí ní etí adágún Superior, mo bá oníbàárà kan yẹ irú ọkọ̀ yìí wò ní oṣù Kẹwàá. Ẹ́ńjìnnì ni mo tẹ́tí sí, bí ẹ ti fẹ́ ṣe yìí, mo sì ní kó rà á. Nígbà tí oṣù Kìíní dé, ọkọ̀ kò fẹ́ gbéra nílẹ̀ mọ́. A gbé e sórí ìwọ̀n àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, ó sì fi 340 pọ́ùn wúwo ju iye tí àwọn tó ṣe é kọ lọ. A ṣí pẹpẹ ilẹ̀ inú rẹ̀. Fóòmù tó yẹ kó mú un léfòó ti mu omi bíi kànrìnkàn, omi náà sì ti dì. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ gé e, ó dún wàrà bí ẹni ń rún súgà lẹ́nu. Yìnyín inú fóòmù náà ti fẹ̀ títí tó fi la ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo dá owó iṣẹ́ mi padà fún oníbàárà náà, àmọ́ ìyẹn kò dá owó ọkọ̀ padà. Torí náà, ẹ wọn ọkọ̀ àti tírélà pọ̀, ẹ wọn tírélà nìkan, kí ẹ sì fi ìyókù wé ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ dojú kọ ike abẹ́ rẹ̀. Ike líle kan tí wọ́n ń pè ní UHMW ni wọ́n máa ń fi bóòtù dè mọ́ ìdí ọkọ̀ kó lè máa yọ̀ lórí ilẹ̀ àti yìnyín. Nínú òtútù, ike yìí máa ń sún kì ní bí ìlọ́po mẹ́fà ohun tí alumíníọ̀mù ń sún kì. Èyí tí wọ́n dè nínú oòrùn Florida, tó bá gùn tó ọkọ̀ yín tó sì jẹ́ ẹyọ kan, lè fi ohun tó ju íǹṣì kan lọ kúrú ju ara ọkọ̀ ní àárọ̀ tí òtútù bá dé ìwọ̀n -20 lórí Celsius. Bí ihò bóòtù kò bá gùn gbọọrọ láti fún un láàyè, nǹkan kan gbọ́dọ̀ já: bóòtù ni o, ike ni o, tàbí kí ihò inú alumíníọ̀mù fẹ̀, kí ó sì máa jò. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ tan iná síbẹ̀, kí ẹ wo orí bóòtù kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wò ó bóyá ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó ń há yìnyín. Bí kò bá ní, ẹ̀fúùfù ni yóò máa darí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé ọkọ̀ yìí kò ní bíréèkì.

Gígun padà ńkọ́? Ẹ má ṣe dúró de yìnyín kí ẹ tó dán an wò. Ẹ kó gbogbo ẹrù tí ẹ ó máa gbé sínú rẹ̀, kí ẹ mú un dúró sójú kan nínú omi níwájú etídò kan tó rọra dagun, kí ẹni tó ń tà á gbà yín láyè, kí ẹ sì ní kó gbéra láti ibẹ̀ lọ sórí koríko gbígbẹ láìsáré wá láti òkèèrè. Èyí tí kò bá lè ṣe é kò ní lè gun etí yìnyín, níbi tí imú ọkọ̀ yóò máa fọ́ etí náà síwájú bó ti ń gbìyànjú. Imú tó dagun lọ sókè ni ẹ ń wá. Imú tó dúró ṣánṣán yóò kàn máa kan yìnyín ní orí ni.

Ó kù ẹ́ńjìnnì tí ẹ béèrè. Wákàtí 400 láàárín ọdún 14 kì í ṣe ìyìn lójú mi. Nínú Lycoming, káàmù (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) wà lókè kíráńkì (ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀), nítorí náà bí ẹ́ńjìnnì bá jókòó fún oṣù bíi mélòó kan, ọ́ìlì yóò ṣàn kúrò lára rẹ̀, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀. N ó fara mọ́ èyí tó ti ṣe wákàtí 1,200 tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ju èyí lọ. Ẹ béèrè ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó wà lára bàálù, kí ẹ sì béèrè ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò, nítorí pé èyí tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti gbá ilẹ̀ rí wà lára àwọn tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ omi. Lára bàálù, àjọ FAA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà, pọn ọ́n ní dandan kí wọ́n ṣí Lycoming tó bá ti gbá nǹkan bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì yẹ jíà ìdí kíráńkì wò. Lára ọkọ̀ omi, kò sẹ́ni tó ń béèrè. Ẹ wá mẹkáníìkì bàálù tó ní ìwé ẹ̀rí, kó wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, kó sì la fílítà ọ́ìlì wò bóyá irin wà nínú rẹ̀.

Ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan sìlíńdà kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnì kan ti mú un gbóná dè yín, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ padà wá lọ́la. Ẹ wo páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí: nínú òtútù, ooru omi tó ń jáde níbẹ̀ máa ń dì, á dí ẹnu páìpù náà, ẹ́ńjìnnì á sì tú ọ́ìlì rẹ̀ jáde láti iwájú. Èyí tí wọ́n pèsè fún òtútù máa ń ní ihò kékeré kan lókè ẹnu náà, ní ibi tó ṣì gbóná. Ọkọ̀ Florida kì í sábà ní i. Ẹ fa wáyà tó ń ṣí epo fún ẹ́ńjìnnì sókè sódò láti mọ̀ bóyá omi ti wọ inú rẹ̀, nítorí pé bó bá dì nígbà tí ẹ ṣí i tán, nǹkan kan ṣoṣo tó kù fún yín ni bọ́tìnnì ìpaná. Ẹ dán bọ́tìnnì náà wò lẹ́ẹ̀mẹta.

N kò tíì fojú rí ọkọ̀ yìí o, nítorí náà ohun tí mo kọ yìí kì í ṣe àyẹ̀wò, kò sì sí ẹni tó lè gbé e lọ sí kóòtù pé èmi ni mo ní kó rà á. Ẹ fi àmì ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 lápapọ̀, tó wà lára ẹ̀yìn rẹ̀ wé ti inú ìwé rẹ̀. Níwọ̀n bí ẹ ó ti máa gba owó lọ́wọ́ àwọn apẹja, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ Coast Guard àti ìjọba ìpínlẹ̀ irú ìwé àṣẹ tí awakọ̀ yín nílò lórí adágún tí ẹ ní lọ́kàn, kí ẹ sì jẹ́ kí ilé iṣẹ́ adójútòfò fi ọwọ́ síwèé fún yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kí i, kí ẹ sì wa mọ́tò yín padà sílé. Bó bá gbà, ẹ fi iye tí ìwọ̀n kọ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú àwòrán ẹnu páìpù yẹn.