Ọmọ mi ń kàwé geerege, àmọ́ kò yé e

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS 2 ń kàwé geerege, ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé kí ni ó kà, ńṣe ni yóò dákẹ́. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Kí ènìyàn pe ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu yàtọ̀ sí kí ọ̀rọ̀ yé e, pàápàá nínú èdè wa tí àmì ohùn ti ń ya ìtumọ̀ sọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka “ó ra ọkọ́” bí ẹni pé ọkọ̀ ni, yóò máa wá awakọ̀ kiri nínú àyọkà tó dá lórí àgbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lálaalẹ́, ẹ yan ìpínrọ̀ kan péré, kí ó kà á sínú, kí ó pa ìwé dé, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ròyìn rẹ̀ fún yín bí ẹni tó ń pàlọ́. Ibi tó bá ti dúró tó ń wojú yín ni kò yé e. Bí ó bá bá “ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ” pàdé, ẹ má tètè túmọ̀ rẹ̀; ẹ ní kí ó wo gbólóhùn tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e, nítorí kò sí ìwé atúmọ̀-èdè nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ní tèmi, àwa olùkọ́ tí a ń fún ọmọ ní máàkì fún gbólóhùn tó dà kọ tààrà láti inú àyọkà wà lára ohun tó fa wàhálà yìí. Tó bá di ọ̀rọ̀ àkàyé, kí ó ka ìbéèrè kí ó tó ka àyọkà lẹ́ẹ̀kejì, kí ó lè mọ ohun tó ń wá.