Ẹ má bú télọ̀ tó rán aṣọ Leonov

Bọ̀dá tó ń bèèrè pé ṣé télọ̀ Rọ́ṣíà ò mọ iṣẹ́ ni, tí aṣọ Leonov, ará Rọ́ṣíà tó kọ́kọ́ jáde kúrò nínú ọkọ̀ sí gbalasa òfuurufú, fi wú mọ́ ọn lára nígbà tó jáde ní 1965, ẹ fi télọ̀ sílẹ̀ jàre, atẹ́gùn lẹ máa bá jà.

Abẹ́ omi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Scotland, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja. Aṣọ tí à ń wọ̀ ò gba omi láyè, bọ́tìnì kan wà láyà ẹ̀ tá a fi ń rọ atẹ́gùn sínú ẹ̀. Lọ́jọ́ kan bọ́tìnì yẹn há, atẹ́gùn ń wọlé ṣáá, kí n tó mọ̀ aṣọ ti wú bí àkàrà inú epo gbígbóná, ẹsẹ̀ mi bọ́ nínú bàtà, mo wá dorí kodò, ìgbà tí mo já họ́ọ̀sì yẹn kúrò ni mo tó rí ara mi yí padà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí dalẹ́.

Ohun tó ṣe Leonov gan-an nìyẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò nínú bàtà, ìka ẹ̀ ò dé ẹnu gílọ́ọ̀fù mọ́. Atẹ́gùn ló kún inú aṣọ ẹ̀, níta ọ̀hún kò sí atẹ́gùn kankan tó máa ti aṣọ padà. Ìṣẹ́jú 12 péré ló lò, síbẹ̀ àfi kó jẹ́ kí atẹ́gùn aṣọ jò kúrò díẹ̀díẹ̀ kó tó ráyè wọlé, orí ló tún fi wọ ihò ọkọ̀ tó yẹ kó fẹsẹ̀ wọ̀.

Ẹ ní kí wọ́n rán an kó fún. Ẹ mú túùbù kẹ̀kẹ́, ẹ pọ́ǹpù ẹ̀ kó le gan-an, kẹ́ ẹ wá ká a. Apá yín nìyẹn nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú nǹkan. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi àwọ̀n há aṣọ Gemini, ọkọ̀ òfuurufú tiwọn, mọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ wú, àmọ́ ó ṣì le bí igi, ní 1966 Cernan, ọ̀kan nínú àwọn tó wọ Gemini, lò ju wákàtí méjì lọ níta, atẹ́gùn nìkan ni wọ́n ń fẹ́ sí i lára, òógùn wá pọ̀ débi pé kùrukùru bo gíláàsì ojú ẹ̀, imú ló fi nu ojú ibi kékeré kan kó lè ríran. (Èmi máa ń tutọ́ sí tèmi kí n tó wọ̀ ọ́, ó ń ṣiṣẹ́.)

Ìgbà Apollo, ọkọ̀ tó gbé wọn lọ sí òṣùpá, ni wọ́n tó rí i ṣe, páìpù omi tín-ín-rín tó ń mú ara tutù nínú aṣọ abẹ́, ròbá ìgúnpá àti orúnkún tó ṣẹ́po bí ọrùn síróò tó ṣeé tẹ̀. Àwọn wo ló sì rán an? ILC, ilé kan náà pẹ̀lú àwọn Playtex tó ń rán bùrèsíà.